Verna Kostiuk àti Ọgbọ̀n Ọjọ́ Darcy

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú mi ru, ẹ sọ fún mi pé ọ̀gá àgbà ló ń to ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi ń pọ́n irin abẹ́ bàtà yìnyín fún ẹgbẹ́ Badger níbí ní Saskatoon. Yàrá tí mo ti ń pọ́n ọn fara ti ọ́fíìsì Verna Kostiuk, ògiri páálí kan ló là wá láàrin, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún tí mi ò gbọ́. Ọ̀gá á ní òun fẹ́ lágbájá. Àwọn oníròyìn á ya fọ́tò ọ̀gá. Verna á wà nínú yàrá rẹ̀, pẹ́ńsùlù létí, á máa wá ọ̀nà tí lágbájá yóò fi wọlé láìjẹ́ pé ẹlòmíràn já bọ́ láti ojú fèrèsé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Eléré mẹ́tàlélógún péré ni ẹgbẹ́ kan lè ní nínú líìgì ńlá. Àpapọ̀ owó oṣù wọn ní gbèdéke, ẹgbẹ́ tó bá sì fi dọ́là kan ṣoṣo kọjá gbèdéke yẹn ti wọ wàhálà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wọlé, ẹnì kan ní láti jáde lọ sí ẹgbẹ́ kejì. Tiwa wà ní Moose Jaw, ìrìn wákàtí méjì àtààbọ̀ lójú títì. Ibi tó ti ń dun ni nìyí: eléré tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kò kàn lè ní kó máa lọ sí Moose Jaw. Ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ síta fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Láàrin àkókò yẹn, èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù lè nawọ́ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì di tiwọn lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó fẹ́ lọ.

Verna ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Kó tó wá sọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ tó ń ra wíìtì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ó máa ń sọ pé, "Mọ́tò ni mò ń wọ̀n tẹ́lẹ̀, èèyàn ni mò ń wọ̀n báyìí, mọ́tò kì í sì í wò mí lójú." Ara rẹ̀ kì í lélẹ̀. Lásìkò òtútù, á jáde lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan láti lọ wò ó bóyá wáyà iná ṣì wà lára mọ́tò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà dì. Ìdààmú ẹni mẹ́tàlélógún ló wà lórí ẹ̀mí obìnrin yẹn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Darcy Friesen nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ni Darcy ń gbá, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ méje láìpẹ́ nínú ìkankan. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti ẹ̀bá Davidson, ìlú kékeré tó wà ní agbedeméjì àwa àti Moose Jaw. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Abe, wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, iyè rẹ̀ sì ti ń ṣá. Abe kì í fẹ́ jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn nọ́ọ̀sì á bẹ̀ ẹ́ títí, á mu ṣíbí méjì, á yíjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n tí Darcy bá ti jókòó tì í, á jẹ abọ́ kan tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì tí kò bá sí eré, Darcy á wakọ̀ lọ síbẹ̀, yálà ọ̀dọ̀ wa ló wà ni o, yálà Moose Jaw ló wà ni o.

Ìdí nìyẹn tó fi wá bá Verna ní oṣù kẹwàá, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri.

"Àǹtí Verna, mi ò bẹ̀ yín nítorí owó. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ. Tí mo bá bá ara mi ní Florida, ta ló máa fún bàbá mi lóúnjẹ?"

"A máa gbé ẹ síta lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ orúkọ tó máa wà níta lọ́jọ́ yẹn lé ní ọgọ́ta. Kò sẹ́ni tó máa ráyè wo tìẹ. Tó bá ti di ẹ̀yìn ìyẹn, èmi nìyí."

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni ẹ́ ni? Lọ wẹ̀, ò ń rùn."

Bó ṣe wí náà ló rí. Ní oṣù kẹwàá, ẹnikẹ́ni kò mú Darcy. Òfin sì ní, ẹni tó bá jáde tí wọn kò mú ní ọgbọ̀n ọjọ́ ọ̀fẹ́: a lè máa gbé e gòkè, ká máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù wá, láìgbé orúkọ rẹ̀ síta mọ́, títí ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa yóò fi pé ọgbọ̀n. Ọjọ́ tó bá pé ọgbọ̀n, àǹfààní yẹn tán. Verna bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ọjọ́ kan, ìlà kan. Ọjọ́ mẹ́rin, ó dá Darcy padà. Ọjọ́ mẹ́fà, ó dá a padà. Bí olùkọ́ eré bá gbàgbé ọmọ náà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí a kò lò ó, Verna á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i débi pé á wá fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ó ti di oṣù kẹta báyìí, ìlà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì ti di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ohun tó dá kún ọ̀rọ̀ náà ni pé Darcy ń gbá họ́kì tí mi ò rí i kó gbá rí. Ìwé ìròyìn ń kọ orúkọ rẹ̀. Ó dé ibi tí a ti ń ra kọfí, wọn kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń yọ̀, Verna ń gbọ̀n.

"Ó ti dára jù," ló sọ fún mi. "Tí orúkọ rẹ̀ bá jáde báyìí, wọ́n á já a gbà bíi búrẹ́dì gbígbóná. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni mo mọ̀ tí ẹ̀yìn wọn ń jò. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ aago. Toronto ni wọ́n ti ń gba ìwé líìgì, aago méjì ọ̀sán tiwọn sì ni ilẹ̀kùn ń tì. Ẹni tó bá ṣì wà nínú orúkọ wa nígbà náà ti jẹ ọjọ́ yẹn. Jálẹ̀ ìgbà òtútù, aago méjì tiwọn ni aago kan tiwa. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹta, gbogbo wọn lọ́hùn-ún á ti aago síwájú ní wákàtí kan, aago méjì wọn á sì di aago méjìlá tiwa. Àwa ará Saskatchewan kì í fọwọ́ kan aago wa tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. A tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a ní màlúù wa ò lè ka aago, kí ló fẹ́ fi èyí tí wọ́n tì ṣe? Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ti aago kò lè gbàgbé pé òun tì í. Àwa tí a kì í tì í ni a máa ń gbàgbé. Lọ́dọọdún, tẹlifíṣọ̀n ló ń rán Verna létí, nítorí eré ọjọ́ Àìkú náà á bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Lọ́dún yìí, kò wo tẹlifíṣọ̀n. Inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn wọn ló wà láti àárọ̀, òun àti àwọn obìnrin ìjọ jọ ń fi ọ̀dùnkún kún pèrógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun kéékèèké tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ tà nígbà Àjíǹde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mi ò tíì tan ẹ̀rọ mi tí Verna fi wọ ọ́fíìsì Ross Haldane, ọ̀gá wa, láì ti ilẹ̀kùn. Aṣọ́lé wa, Lehtola, ará Finland, ló fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tọ́jú iṣan itan tó já, owó rẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò wa ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbàtọ́jú. Tó bá padà, owó rẹ̀ padà nìyẹn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jáde. Darcy ni ìṣirò bọ́ sí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé Darcy ránṣẹ́ báyìí báyìí," Verna wí.

"Itan Lehtola ńkọ́?"

"Dókítà ní ó ti san."

"Dókítà kọ́ ló máa dúró níwájú àwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ṣe níbi ìdánrawò. Tí itan yẹn bá tún já, a ti lé Darcy lọ lásán nìyẹn."

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lò dé àná o."

"Verna, ṣebí aago kan ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn? Aago mẹ́sàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù yìí. Ẹ lọ wá kọfí mu."

Ọmọ bíbí ibí ni ọ̀gá náà, kò sì rántí. Verna kò mu kọfí kankan. Ẹ̀gbẹ́ pápá yìnyín ló dúró sí, ó ń wo itan ará Finland náà bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló dì í mú. Ìdánrawò parí ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, itan dára, ọ̀gá mi orí sí i. Ó ku kí dókítà fọwọ́ sí ìwé Lehtola, torí ìwé méjèèjì ní láti jọ lọ, dókítà sì ń tọ́jú èjìká ẹlòmíràn lọ́wọ́. Verna gbé abọ́ pèrógì wá sí yàrá mi, ó ń jẹ ẹyọ kan, ó ń lọ wo ẹnu ọ̀nà dókítà, ó tún ń bọ̀.

"Verna, ẹ rọra jẹun," mo wí fún un. "Àìfarabalẹ̀ yín yìí á pa yín. Ó ku wákàtí kan gbáko kó tó di aago kan."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu tèmi náà ló ti jáde.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé méjèèjì lọ. Èsì dé sórí fóònù Verna nínú yàrá mi kó tó fọwọ́ kan pèrógì mìíràn: Toronto ní àwọn rí ìwé wa gbà ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ ọ̀la ni àwọn yóò kà á sí.

Verna ka á. Ó wo aago ara ògiri mi. Ó tún un kà.

"Kí ló dé tí wọ́n ń pe méjìlá ní méjì?" mo bi í.

"Wọ́n ti yí aago," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

Ó pe Toronto. Ọkùnrin tó gbé fóònù bá a kẹ́dùn, ó ní òfin ni, màmá, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Darcy ti jẹ ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ tán. Bí a bá fẹ́ gbé e lọ sí Moose Jaw, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀gá gbìyànjú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn; òun àti Verna jọ yẹ orúkọ mẹ́tàlélógún wò látòkè délẹ̀. Ẹlòmíràn kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ bá a mu jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tí gbogbo líìgì ń wá.

"Darcy náà ni," ọ̀gá wí. "Ọ̀la, aago méjìlá, orúkọ rẹ̀ jáde. Màá sọ fún un."

"Èmi ni mo máa sọ fún un. Èmi ni mo ṣèlérí fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Darcy gbé bàtà rẹ̀ wá fún mi láti pọ́n, Verna sì bá a níbẹ̀. Kò yí ọ̀rọ̀ po rárá.

"Darcy, mo ṣe àṣìṣe. Mo gbàgbé pé wọ́n ti yí aago, ìwé rẹ pẹ́. A máa gbé ẹ síta lọ́sàn-án yìí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èékánná wa?" Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín kọ́, ẹnu rẹ̀ pa dé. "Ta ló máa mú mi?"

"Mẹ́jọ ló ń wá ẹ̀yìn. Méjì nínú wọn wà ní Florida."

"Àti pé mo ti ń gbá dáadáa."

"O ti ń gbá dáadáa jù."

Darcy gbé bàtà rẹ̀ lé orí tábìlì mi. Mo fẹ́ kó bú u. Ká ní ó bú u, ara ìbá tu gbogbo wa. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí Verna, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Ẹ jẹ́ kí n lọ fún bàbá mi lóúnjẹ."

Aago méjìlá lù, orúkọ rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, mi ò rí ojú iṣẹ́ mọ́. Verna wá to àwọn okùn bàtà mi, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Fóònù rẹ̀ dún, ó fò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ìjọ ló fẹ́ mọ iye pèrógì tó kù. Nígbà tó di aago méjì, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Davidson ni mò ń lọ."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Lorne. Mi ò kàn lè dúró síbí."

Mo wọ mọ́tò tẹ̀lé e, torí yìnyín wà lójú títì. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń ka ẹgbẹ́ mẹ́jọ náà fún mi: èyí ní owó àmọ́ kò ní àyè, èyí ní àyè àmọ́ ọ̀gá wọn ò fẹ́ràn ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Tó bá kà wọ́n tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, kò gbọ́.

Ilẹ̀kùn yàrá Abe ṣí sílẹ̀ nígbà tí a dé ilé ìtọ́jú náà. Darcy jókòó sétí ibùsùn, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa, ó ń fi ṣíbí fún bàbá rẹ̀ ní ọbẹ̀ ẹ̀wà.

"Ibo lo ti ń gbá báyìí?" bàbá náà bi í.

"Saskatoon, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi. Ẹ lanu."

"Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ́ sílẹ̀. O mọṣẹ́."

"Wọn ò ní fi mí sílẹ̀, Bàbá. Ẹ lanu, ó ń tutù."

Verna yí padà, kò wọlé, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Inú mọ́tò ló ti sunkún, mo sì ń wo iwájú bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo tìlẹ̀kùn yàrá mi ní aago mọ́kànlá, mo lọ bá a. Méjìlá lù, kò sí nǹkan. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìwé dé láti Toronto. Verna fi ìka tọ orúkọ náà, ó sì kà á síta: Darcy Friesen, ẹgbẹ́ kankan kò mú un. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì mú, ó fi ẹnu ko iwájú orí mi, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì sáré jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Inú mi dùn gan-an.

Darcy nìkan ló wà nínú yàrá ìmúra. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Àpò méjì tó kún dẹ́ńkẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti tán," Verna wí, èémí rẹ̀ ń já. "Kò sẹ́ni tó mú ẹ. Moose Jaw lò ń lọ, Davidson ò sì jìnnà sí ẹ."

Darcy gbójú sókè. "Gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Gbogbo wọn pátá."

"Àwọn mẹ́jọ yẹn ńkọ́?"

Mo rí bí ìdùnnú ṣe kúrò lójú Verna. "Àwọn náà," ló wí.

"Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ pè, kó béèrè mi? Kó ní báwo ni orúnkún mi, àbí nǹkan báyẹn?"

Ó lè purọ́ fún un. Irọ́ náà kò bá ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, èmi ìbá sì jẹ́rìí sí i. Àmọ́ Verna kò mọ irọ́ pa fún àwọn ọmọ yẹn.

"Kò sẹ́ni tó pè, Darcy."

Ó mi orí, ó sì ń mì í lọ. "Lánàá, mò ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má mú mi. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà á o. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, mo di àpò. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé ó lè máa wá fún bàbá lóúnjẹ, ó ní òun á gbìyànjú. Mo wá lọ ṣẹ́ẹ̀tì." Ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ti múra, Àǹtí."

"Ọgbọ̀n ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹ," Verna wí, torí òfin ni. "Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ síta mọ́ títí sáà á fi parí."

"Ẹ ṣeun, mà." Ó dìde, ó dì mọ́ ọn, ó gba bàtà yìnyín rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé àpò rẹ̀ lọ sínú mọ́tò. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Verna dúró nínú yàrá náà títí a fi gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ jẹun, mo ní ohun tí a ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀, ọmọ ò kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

"Ká ní mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́ kó tó di méjìlá lọ́jọ́ Ajé," ló wí, "ì bá ti lọ sí Moose Jaw yìí kan náà, á sì máa rò pé àwọn kan wà níbì kan tó ń fẹ́ òun. Èmi ni mo lọ bá a béèrè lọ́wọ́ wọn, tí gbogbo wọn sì ní àwọn ò fẹ́ ẹ."